Àgbà Kì í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

Nínú òwe tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti kékeré yìí, ìyá ọmọ kò ké sí ẹnikẹ́ni. Ó ti pọn ọmọ, ó ń ná ọjà lọ, ojú rẹ̀ wà lára ata àti ẹ̀gúsí tí ó fẹ́ rà. Ọmọ tí orí rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kò sì ní ẹnu tí yóò fi wí i. Àgbà tí ó ń tọ̀ wọ́n bọ̀ lẹ́yìn ni ojú rẹ̀ tó ibẹ̀, àwọn baba wa kò sì sọ pé kí ó dúró di ìgbà tí a óò bẹ̀ ẹ́, tàbí pé owó kan ń bẹ tí a óò kà lé e lọ́wọ́: wíwà tí ó wà lọ́jà, tí ó sì rí i, ti sọ ọ̀ràn náà di tirẹ̀.

Mo rí òwe yìí kedere nínú ìtàn àwọn agunkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1878, ní ìlú Harrogate, ni Stanley Cotterell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Bicycle Touring Club sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó di Cyclists' Touring Club ní 1883, tí a sì ń pè ní Cycling UK lónìí. Kẹ̀kẹ́ ìgbà náà ga fíofío. Táyà iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àyà ọkùnrin, ti ẹ̀yìn kéré bíńtín, bí ẹni tí ó gùn ún bá sì kó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, orí ni ó lè fi ṣáájú balẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ri pátákó ìkìlọ̀ sí orí àwọn òkè tí ó léwu, kí ìjọba tó gba iṣẹ́ náà, ẹgbẹ́ Cotterell a sì máa yan aṣojú sí àwọn ìlú, tí wọ́n ń pè ní consul, ẹni tí kò gba owó oṣù, ṣùgbọ́n tí ó ń júwe ọ̀nà tí ó dán àti ilé tí ó ṣeé sùn fún àlejò.

Àwa tí baba wa fi owó kòkó ra Raleigh, ọmọ Nottingham, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, mọ kẹ̀kẹ́ bí ohun tí ènìyàn ń dá gùn lọ sóko. Bí ó bá di ti ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹnì kan ní láti mọ ọ̀nà, kí ó sì fi ìrìn ẹni tí ó lọ́ra jù díwọ̀n ìrìn gbogbo wọn. Ẹlòmíràn ní láti gùn kẹ́yìn pátápátá, kí táyà tí ó bá jò má baà sọ olówó rẹ̀ di ẹni ìgbàgbé ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni ẹ̀yìn yìí ni mo bọlá fún jù, nítorí ó lè jẹ́ alágbára tí ì bá ṣáájú gbogbo wọn, ó sì fi agbára náà pamọ́ nítorí ẹni tí ó lè jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ìpàdé ọdọọdún bá dé, tí alága béèrè ẹni tí yóò ṣe akọ̀wé, ilẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Ọ̀kan ní òun kò yára tó, èkejì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀kẹta ní àwọn àgbà ń bẹ. Àwáwí ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí. Irun funfun kọ́ ni òwe wa fi ń mọ àgbà. Ọmọ ogún ọdún tí ó mọ bí a ti ń lẹ táyà, tí ó sì rí i pé òòyì ti ń kọ́ ẹlẹgbẹ́ òun lórí òkè, òun ni àgbà ọjà náà.

Àgbà a tún orí ọmọ ṣe, a sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Akápò tí ó jókòó ti àpò títí tí ẹlòmíràn kò fi mọ ibi tí ìwé ìṣirò wà ti ṣe ẹgbẹ́ ní ibi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tirẹ̀ kéré lójú mi sí ti àwọn tí ó káwọ́ gbera, nítorí ẹni tí kò rí ẹni gbé ẹrù fún, báwo ni yóò ṣe sọ̀ ọ́?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí agunkẹ̀kẹ́ tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí ó má dúró de ọjọ́ ìdìbò. Kí ó tọ akápò lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n jọ ka owó ẹgbẹ́, kí ó sì mọ ọjọ́ tí owó adójútòfò ń pé. Kí ó sọ fún olórí ìrìn pé òun ni yóò gùn kẹ́yìn ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, kí ó sì mú páǹpù àti ohun tí a fi ń lẹ táyà dání.