Ohun tí Bàbá Àgbà Rí Nínú Sinimá

 

Mo ti ṣe ìlérí pé ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni yóò kàn ní ojú ìwé yìí. Àwọn ìyá mẹ́ta ni wọ́n dá mi dúró lẹ́yìn Mísà, tí wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọ wọn wí, nítorí pé fíìmù àti fóònù ti gba ọkàn wọn pátápátá. Mo sì ti múra sílẹ̀. Mo ti wá ìwé Inter Mirifica jáde, èyí tí Àpéjọ Vatican Kejì gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 lórí ìwé ìròyìn, rédíò, sinimá àti tẹlifíṣọ̀n. Mo ti fa ìlà sí abẹ́ ibi tí mo fẹ́ lò. Kí n má purọ́ fún yín, ìwàásù líle ni mo fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo yà kí bàbá àgbà kan ní Zongo wa níbí, ẹni tí ó fẹ́ràn sinimá ju àwọn ọmọdé lọ, mo ní kí n gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò rí bí mo ti rò.

Bàbá yìí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Ọmọ Nàgó ni, ó ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Ọmọdé ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ títún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, níbẹ̀ ni ó sì wà títí di oṣù Kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sí ilé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kò lè gbàgbé ọdún náà. Kálukú gbé ẹrù tí ó lè gbé. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun ni Bàbá gbé lérí ní tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì bínú, ó ní ìkòkò àti aṣọ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ń gbé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú Bàbá tàn, ẹ bi í nípa WNTV. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ní àsìkò Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, wọ́n sì máa ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ní àdúgbò tí Bàbá ń gbé, ilé olówó kan ni gbogbo wọn ti ń wò ó. Àwọn ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé á dúró lójú fèrèsé. Níbẹ̀ ni ó ti rí Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, pẹ̀lú ìgò ojú gbàǹgbà àti táì labalábá tí ó fẹ́ẹ̀ bo àyà rẹ̀ tán. "Olùkọ́," ni Bàbá wí fún mi, "ọkùnrin náà kò tíì la ẹnu tí a ti ń rẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn náà ni Oyin Adéjọbí pẹ̀lú Kóòtù Aṣípa. Ẹjọ́ ni wọ́n ń dá níbẹ̀, ẹjọ́ ilé bí irú tiwa: ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ ogún, gbèsè, orogún. Bàbá ní ohun tí ó dùn jù ni pé kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ti dá ẹjọ́ náà tán, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Bí adájọ́ bá wá sọ tirẹ̀, ìyá arúgbó kan á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ tàbí n kò sọ bẹ́ẹ̀?" Kò sí ẹni tí ó ń dá wò ó, nítorí pé àpótí kan ṣoṣo ni ó wà. Nísinsìnyí, Bàbá ní ọmọ márùn-ún lè jókòó nínú yàrá kan, kí wọ́n máa wo fíìmù márùn-ún, okùn á wà létí kálukú wọn. Bí ọ̀kan bá rẹ́rìn-ín, àwọn tí ó kù kì í mọ ìdí.

Nígbà tí ó padà sí Parakou, tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè wa ti bẹ̀rẹ̀ láti 1978, ṣùgbọ́n Faransé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Faransé Bàbá kò sì ju kí ó kí ènìyàn lọ. Nítorí náà kasẹ́ẹ̀tì fídíò tí ó ń ti Nàìjíríà wá ni ó gbára lé. Ibẹ̀ ni mo ti bá a jà díẹ̀. Ẹ rántí fíìmù Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá ṣe ní 1982. Owó ńlá ni ó kó lé e, ṣùgbọ́n àwọn olè dà á kọ sí kasẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè ni ó sì kù sọ́rùn ọkùnrin tí ó pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín. Mo bi Bàbá pé níbo ni ó ti wo ti rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní yàrá kan ni, wọ́n gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ibi tí kasẹ́ẹ̀tì ti wá. "Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi," ni ó wí. "Èmi kò mọ̀ pé ẹrù olè ni mo fi ń rẹ́rìn-ín." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba fíìmù láti inú fóònù ọ̀rẹ́ yín láìsan kọ́bọ̀, mo rò pé ẹ̀yin náà ń kà á.

Ẹ má rò pé Bàbá kórìíra ohun titun. Ó fẹ́ràn Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999. Ó sì fẹ́ràn Abẹ́ní jù ú lọ, èyí tí Kèlání kan náà àti Amzat Abdel Hakim, ọmọ ilẹ̀ Benin wa níbí, jọ ṣe ní 2006. Ìtàn ọmọbìnrin olówó kan àti ọmọkùnrin tálákà kan ni, láàrin Èkó àti Kútọnù. Bàbá ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa rí sinimá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nínú ilé òun: bàbá á sọ Yorùbá, ọmọ á fi Faransé dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì yé àwọn méjèèjì dé ìwọ̀n kan. Ó ní àwọn òyìnbó ni wọ́n fa ìlà láàrin wa, ṣùgbọ́n fíìmù yẹn kọjá lórí ìlà náà láìfi ìwé hàn. Èmi tí mo fi Faransé kàwé láti ilé ẹ̀kọ́ kékeré títí dé séminárì, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ju bí mo ti fẹ́ sọ lọ.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó fi Aníkúlápó hàn án lórí fóònù, èyí tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022, ìtàn Sàrò ahunṣọ tí ó wọ ìlú Ọ̀yọ́, tí ó sì wọ ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Bàbá yìn ín gidigidi. Ó ní Yorùbá inú rẹ̀ jinlẹ̀, aṣọ inú rẹ̀ sì bá ìgbà mu. Ó mọ bàbá ọmọ náà, Adé Love, láti inú Àjàní Ògún ní 1976, ó sì ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà bí ẹni tí wọ́n jọ gbé àgbàlá kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi ìhòòhò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù. Ọmọ náà ní, "Bàbá, mo ti wò ó tẹ́lẹ̀." Ó ní òun kò bo ojú ọmọ náà, ojú ara òun ni òun ń bò.

Mo bi í nípa àwọn fíìmù ìfẹ́ Brazil àti Mẹ́síkò tí àwọn obìnrin ilé ń wò ní Faransé. Ó ní ìrànù ni. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti inú ilé ìdáná, ó ní kí n bi í léèrè ẹni tí ó ń sunkún nígbà tí wọ́n ń lu Isaura, ẹrúbìnrin inú fíìmù Brazil ti ọdún 1976. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ńlá dé. Bàbá ní ọmọ ọmọ kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ń wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù oògùn owó wọ̀nyí. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á fi ènìyàn ṣe oògùn, á ra ọkọ̀, á kọ́ ilé, á fẹ́ ìyàwó púpọ̀; ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó gbẹ̀yìn, á ya wèrè tàbí kí pásítọ̀ kan dé. Bàbá jókòó tì í, wọ́n wò ó tán. Ó wá bi ọmọ náà pé kí ni ó rí. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ọkọ̀ yẹn dára o."

"Olùkọ́," ni ó wí, "obìnrin kan ni wọ́n pa nínú fíìmù náà. Èmi rí obìnrin. Òun rí ọkọ̀."

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ìdí tí ara mi fi wárìrì. Ẹ mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi fóònù lu àwọn ará òkèèrè ní jìbìtì, tí a ń pè ní gaymen ní ilẹ̀ wa. A sì ti gbọ́ ìròyìn àwọn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kún un. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mú gègé jáde. Mo ní, "Bàbá, èyí gan-an ni mo wá gbọ́. Fíìmù àtijọ́ ń kọ́ ni ní ẹ̀kọ́, ti ìsinsìnyí ń ba ọmọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe kọ ọ́."

Bàbá ní, "Má tíì kọ ọ́."

Ó wá sọ èyí fún mi. Ní Ìbàdàn, ó lọ wo Aiyé, sinimá tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ẹ̀yin tí ẹ wò ó, ẹ rántí àwọn ìyá inú rẹ̀ lóru. Àwọn ènìyàn ń pariwo nínú gbọ̀ngàn sinimá, àwọn mìíràn ń sá jáde. Ní ọdún kan náà ni ọmọ Bàbá kan kú, ibà ni, ọmọ oṣù méje. Kò sí ohun tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ju pé wọ́n bọ́ sí ọkàn kan náà.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin wà ní Parakou níbí. Opó ni, kò bímọ, ó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí Bàbá wà ní kékeré, kí wọ́n tó mú un lọ sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń jẹun àárọ̀. "Nígbà tí mo padà dé ní 1983," ni ó wí, "gbogbo ayé rí tẹlifíṣọ̀n tí mo gbé lérí. Wọn kò rí sinimá tí mo gbé sínú orí." Ó wo ìyá náà, arúgbó, ojú pípọ́n nítorí èéfín, ó ń dá gbé. Ó rí ìyá inú Aiyé. Ó ní kí ìyàwó òun má jẹ́ kí ó gbé ọmọ. Ní gbogbo Sátidé, ìyá náà á rán ọmọdé kan ní àkàrà sí i. Bàbá á gbà á, á dúpẹ́, á sì dà á fún ewúrẹ́. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá náà mọ̀. Ènìyàn kan ti sọ fún un. Kò béèrè, kò sì dá àkàrà dúró títí ó fi kú.

Mo ní, "Bàbá, ṣé Ògúndé ni ẹ ń dá lẹ́bi ni?"

Ó ní rárá. Ó ní eré ni Ògúndé ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. "Àjẹ́ tirẹ̀ jẹ́wọ́, nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ìyá tèmi kò ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Èmi ni mo gbé e kúrò lójú aṣọ funfun wá sílé. Ọmọ mi rí ọkọ̀, èmi rí àjẹ́. Ewo ni ó burú jù nínú wa?"

N kò rí èsì fún un. Séminárì kò kọ́ mi ní èyí. Gbogbo ìlà tí mo fà sínú ìwé náà, n kò rí èyí tí mo lè kà sí i létí.

Ohun tí Bàbá ń ṣe nísinsìnyí nìyí, ẹni tí ó bá wù lè wò ó bóyá ó bá ilé tirẹ̀ mu. Ní alẹ́ Sátidé, ó ń gba gbogbo fóònù sínú agbọ̀n kan, tẹlifíṣọ̀n kan ni wọ́n ń wò. Nígbà tí fíìmù bá dé àárín, ó ń dá a dúró, á bi kálukú pé, "Kí ni o rí?" Àwọn ọmọ ń kùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó ń kùn jù. Ọmọ Alhaji tí ó wà ní ilé kejì náà ń wá, ó sì máa ń dá ẹjọ́ bí adájọ́ Kóòtù Aṣípa. Mo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́ní ni wọ́n ń wò, wọ́n sì jiyàn títí ó fi di aago mọ́kànlá. Ọkọ̀ kan kọjá nínú fíìmù náà. Ọmọkùnrin yẹn wo bàbá àgbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó sì pa ẹnu mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá sọ ìtàn alákàrà fún àwọn ọmọ. Kò sọ ọ́ fún wọn rí. Nígbà tí ó parí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà béèrè pé, "Bàbá, níbo ni wọ́n sin ín sí?" Bàbá ní òun kò lọ síbi ìsìnkú náà.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó béèrè bóyá a lè gba Mísà fún ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi owó lé mi lọ́wọ́, ó sì dárúkọ ìyá náà ní odidi, orúkọ àbísọ àti oríkì. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé Mísà fún oṣù Kọkànlá.