Kí Ló Ń Mú Aláìsàn Kúrò Ní Ọsibítù Lọ Sọ́dọ̀ Ẹni Tí Kò Níwèé Àṣẹ?



Ẹni tí ó gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọsibítù láàárọ̀, tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó rí i lọ́dọ̀ alágbo. Ní ọjọ́ kejì, ó ti wà níwájú ààfáà tí ń fún un ní hàǹtú mu. Àwọn kan ní àìmọ̀wé ló fà á. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ń ṣe é, akọ̀wé ìjọba ń ṣe é, a tilẹ̀ mọ nọ́ọ̀sì tí ń ṣe é.

Lójú tiwa, aláìsàn a jókòó láti ìdájí títí di ọ̀sán kí ó tó rí dókítà, èyí tí èrò ẹ̀yìn kò ní jẹ́ kí ó lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbo a bi í léèrè oorun rẹ̀, ilé rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, a sì gba owó díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní títí ayé ni yóò máa lo oògùn. Alágbo ní ọjọ́ méje. Ta ni kò mọ èyí tí etí ń fẹ́ gbọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Abu Bakr ar-Razi, àgbà oníṣègùn tí ó ṣe olórí ilé ìwòsàn ní Baghdad, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 925, kọ ìwé kan lórí ohun tí ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn fi oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ sílẹ̀ lọ bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 931, aláìsàn kan kú nípa àṣìṣe oníṣègùn ní ìlú náà. Kalífà al-Muqtadir sì pàṣẹ pé, yàtọ̀ sí àwọn àgbà tí orúkọ wọn ti yọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìwòsàn mọ́ àfi ẹni tí Sinan ibn Thabit bá dán wò. Ìtàn ní àwọn tí ó wá fún ìdánwò náà lé ní 860. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó wá o!

A kò bá ẹni tí ń mu àgbo jà. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn. Ohun tí ó ń bà wá nínú jẹ́ ni fífi í pamọ́. Aláìsàn kì í sọ fún dókítà pé òun ń mu àgbo, nítorí ìbáwí. Bẹ́ẹ̀ ni àgbo mìíràn a máa bá oògùn jà nínú ara, òmíràn a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í pariwo. Ẹni tí ó pa oògùn rẹ̀ tì lè má mọ nǹkan kan, títí di ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan yóò fi rọ.

Ẹ̀yin ààfáà ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àdúà kò ní kí á má lo oògùn. Nínú ìwé fíkíhì tí gbogbo wa jọ kà, ẹni tí ó ṣe ìwòsàn láìmọ iṣẹ́ náà ni gbèsè ìpalára wà lọ́rùn rẹ̀. Kí ni a ó wí lọ́jọ́ tí ẹni tí a ní kí ó da oògùn dókítà nù bá kú? Kí a tó bu hàǹtú fún aláìsàn, ẹ jẹ́ kí á bi í pé oògùn wo ni ó ń lò, ọjọ́ wo sì ni wọ́n ní kí ó padà wá sí ọsibítù. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, kí á kọ́kọ́ dá a padà síbẹ̀.