Kí Ìwé Inú Yàrá Ìkàwé Wa Lè Fọhùn

Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ń jíròrò lórí ẹ̀bùn tí a ó fún ilé ẹ̀kọ́ wa ní àjọ̀dún yìí, ọ̀rọ̀ géètì tuntun àti ọ̀dà ni ó ń gbalẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ ya nínú owó náà sọ́tọ̀ fún yàrá ìkàwé, kí a sì fi díẹ̀ ra ohun kan tí kò tóbi púpọ̀ ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ: àmì tí fóònù ń kà láìsí wáyà, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC.

Kò ní bátìrì. Bí fóònù bá sún mọ́ ọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, fóònù náà ni yóò fún un ní agbára, àmì náà yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí a kọ sínú rẹ̀, pàápàá jù lọ kí ó ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ kò gba ohun púpọ̀. Atọ́nà lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí ní Ìlú Ọba, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kò sì jáde títí di 1921. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà ni ó mọ̀ pé díẹ̀ ni ó kù kí ó má dé ọwọ́ wa? Bí àmì bá wà lára pẹpẹ rẹ̀, tí ó ń ṣí ìtàn yìí fún ìṣẹ́jú méjì ní ohùn olùkọ́ ìtàn wọn, mo gbà pé ọwọ́ yóò na sí ìwé náà.

Àwọn kan yóò ní, ṣebí òfin kò gba fóònù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Òfin náà tọ́. Ẹni tí ó bá ti wàásù fún ọ̀dọ́ tí ojú wọn kò kúrò nínú fóònù yóò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù mẹ́ta tí ó jẹ́ ti yàrá ìkàwé, tí kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀, kò tàpá sí i. Kí a yẹ̀ wọ́n wò kí a tó rà wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní NFC. Kí a sì ti àmì kọ̀ọ̀kan pa lẹ́yìn tí a bá kọ ọ́, kí ọmọ aláwàdà kan má baà darí rẹ̀ sí ibòmíràn.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni kí a lẹ àmì mọ́ pẹpẹ tí a kò tíì tò. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà ní ìwé wòlíì lọ́wọ́ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ Fílípì ni ó là á yé e. Àmì lè pe ọmọ wá. Kò lè jẹ́ Fílípì. Ọmọ tí a tọ́ka ìwé fún tí kò bá a níbẹ̀ kò ní padà wá. Nítorí náà, kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà jẹ́ owó oṣù olùrànlọ́wọ́ kan fún ọdún méjì, ẹni tí yóò ka gbogbo ìwé náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa tún ohun tí àmì ń ṣí ṣe ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti pẹpẹ tí ìwé Johnson wà.