Ìrìn-àjò Òpin Ọ̀sẹ̀ sí Sáríà

Bí ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná bá lọ wo ìlú àtijọ́ Sáríà ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó mọ sí fọ́tò yíyà. Ẹ béèrè ìtàn mọ́sáláṣí àgbà tí Babban Gwani, ọ̀gá mọlémọlé, kọ́ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, August 11, 2023, apá kan rẹ̀ wó lu àwọn tí ń kírun Alásárì; ẹ̀mí ṣòfò. Ọba ìlú ṣàlàyé pé ní Àlàmísì ni wọ́n rí i pé ògiri ti lanu, wọ́n sì ń gbèrò àtúnṣe. Alángbá la mọ̀ tí í wọ ògiri tó lanu. Ti Sáríà, ikú ló wọlé. Bí ẹ bá padà délé, ẹ yẹ ògiri mọ́sáláṣí yín wò. Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tó lọ.