Koríko Ẹ̀pà Ni Oúnjẹ Ẹṣin: Ẹ Má Tà Á Tán

Ẹ̀yin àgbẹ̀, àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìgbà yìí kò jẹ mọ́ iye owó ẹ̀pà lórí òṣùwọ̀n. Ó jẹ mọ́ ohun tí a máa ń fi sílẹ̀ nígbà tí a bá já ẹ̀pà tán, èyíinì ni ewé àti igi ẹ̀pà tí oòrùn ti pa gbẹ, tí à ń pè ní koríko ẹ̀pà. Àwọn kan kà á sí pàǹtí. Àwọn mìíràn kà á sí owó kékeré tí a lè fi ra ọṣẹ àti iyọ̀. Ní èrò tèmi, ilé tí ó bá ní ẹṣin tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí ó sì ta koríko yìí tán ní ìgbà ìkórè, ti ta apá kan nínú oko ọdún tí ń bọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun ọlá ni ẹṣin jẹ́. Ọba àti ìjòyè ni ó ń gùn ún, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ àtijọ́ sì fi jagun títí òkìkí wọn fi kàn dé Dahomey. Ṣùgbọ́n láti òkè Ọya ni a ti ń rà á wá, nítorí pé eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri nínú igbó kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà ó máa ń ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu láti gbọ́ pé ibì kan wà tí ẹṣin ti ń ṣiṣẹ́ oko. Ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni, ní agbègbè ẹ̀pà tí ó yí Kaolack, Fatick àti Diourbel ká. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn fífúyẹ́ tí kò béèrè pé kí a tú u jinlẹ̀. Òjò wọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹfà tàbí ìkeje, oṣù kẹwàá sì ni ó máa ń dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá yára ni ó ń jèrè níbẹ̀, ẹṣin sì yára ju akọ màlúù lọ. Àwọn baba wa a máa wí pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní ọ̀ràn yìí, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ni ẹṣin iwájú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn bá ilé kan gbé fún ọdún kan láàrin àwọn Sérère, ẹ̀yà tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń da iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹran sísìn. Kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó, nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Baálé ní ẹṣin kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, ó ní màlúù díẹ̀ nínú agbo ìdílé, ìyàwó rẹ̀ sì ní àgùntàn àti ewúrẹ́ tirẹ̀.

Kí òjò tó rọ̀ rárá ni wọ́n ti ń gbin jéró sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀pà kò rí bẹ́ẹ̀; ó ń dúró de òjò àkọ́kọ́ tí ó bá rọ̀ dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò náà, kò sí ẹni tí ó jókòó sílé. Ọmọkùnrin kan á di ìjánu ẹṣin mú níwájú, baálé á di ọwọ́ ẹ̀rọ ìgbìn mú lẹ́yìn, ẹ̀rọ náà á sì máa sọ èso ẹ̀pà sínú ilẹ̀ ní ìlà tí ó tọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ìjọba ilẹ̀ náà fi fún àgbẹ̀ ní àwìn láti ọdún 1958 títí di 1980 tí ètò náà parí. Ògbólógbòó wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní, nítorí pé àwọn alágbẹ̀dẹ abúlé ń rọ irin tí ó bá jẹ, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. (Mo gbà pé ó yẹ kí a yin àwọn alágbẹ̀dẹ wọ̀nyí ju bí a ti ń ṣe lọ.)

Ọjọ́ wọ̀nyí gan-an ni a fi ń mọ ẹṣin tí ó jẹun àti èyí tí kò jẹun. Ẹ̀pà nílò tó 90 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ mẹ́wàá sòfò ní ìbẹ̀rẹ̀, òjò kò ní dúró dè é ní ìparí. Bí ẹṣin bá rù, tí ó ń rìn díẹ̀ tí ó ń dúró, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yóò di ti ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀ yóò sì gbẹ kí a tó gbìn ín tán. Ibo ni ẹṣin náà ti rù? Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, nígbà tí koríko tútù kò sí níbì kankan.

Lẹ́yìn ìgbìn, ẹṣin yìí kan náà ni yóò fa ọkọ́ láàrin ìlà láti pa èpò. Àwọn màlúù á kúrò nítòsí oko, a ó dà wọ́n lọ sí ibi tí kò sí ọ̀gbìn. Ewu mìíràn sì wà ní àkókò òjò tí kò yẹ kí a fi ṣeré: àìsàn ẹṣin tí àwọn kantíkantí, kòkòrò kékeré tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ní alẹ́, ń gbé kiri. Ní ọdún 2007, àìsàn yìí pa ẹṣin tí ó ju 1,000 lọ ní Sẹ̀nẹ̀gà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ó sì yẹ kí a ti gún un kí òjò tó dé. Ẹṣin kì í bímọ ju ẹyọ kan lọ, oṣù mọ́kànlá ni ó sì fi ń gbé oyún. Ilé tí ẹṣin rẹ̀ bá kú kì í rí òmíràn láìpẹ́.

Ní ìgbà ìkórè, ẹṣin á fa irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ilẹ̀ láti tú ẹ̀pà. A ó kó o jọ ní òkìtì, yóò gbẹ, a ó fi igi lù ú, àwọn obìnrin á sì fẹ́ ẹ nínú atẹ́gùn. Ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n koríko tí ó kù máa ń tó ìwọ̀n ẹ̀pà fúnra rẹ̀, tàbí kí ó jù ú lọ. Bí àgbẹ̀ bá pẹ́ kí ó tó tú ẹ̀pà, ewé rẹ̀ á ti rẹ̀ dànù. Bí òjò bá sì pa òkìtì náà, yóò bu, kò sì yẹ fún ẹṣin mọ́. Èyí tí ó bá dára ni wọ́n ń kó sórí òrùlé tàbí sórí àtíbàbà tí ewúrẹ́ kò lè dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń wá ibi tí ewúrẹ́ kò lè dé.

Nígbà náà ni ẹ̀ẹ̀rùn yóò dé. Àwọn màlúù á padà, wọn á máa sùn lórí oko tí a ti kórè, ìgbẹ́ wọn á sì di ajílẹ̀. Igi kan wà níbẹ̀, tí àwọn Wolof ń pè ní kàdd, tí ń wọ́wé nígbà òjò tí ó sì ń rúwé ní ẹ̀ẹ̀rùn. Èso rẹ̀ ni ẹran ń jẹ nígbà tí ohun gbogbo bá gbẹ. Ẹṣin kò sinmi. Ó ń fa kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà, ó ń fa omi wá láti inú kànga, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mìíràn a sì mú un lọ sí ìlú láti fi gbé èrò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn oníkoríko ń wọ abúlé pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá, wọ́n ń rà á lọ fún àwọn tí ń sin àgbò Iléyá ní ìlú. Owó tí wọ́n mú wá ní oṣù kọkànlá kéré, ṣùgbọ́n owó lọ́wọ́ ni. Nígbà tí ó bá di oṣù karùn-ún, baálé tí ó tà á yóò máa wá a rà, iye tí wọn yóò dá lé e yóò sì ju èyí tí òun gbà lọ. Bí kò bá rí owó, ẹṣin á máa jẹ igi jéró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Mo mọ ohun tí àgbẹ̀ yóò fi dá mi lóhùn: pé kì í ṣe ìwọra ni ó mú òun tà á, bí kò ṣe gbèsè. Òótọ́ ni, ìbáwí náà sì padà sórí àwa tí ń ra ẹ̀pà. Ní àsìkò ọjà ọdún 2001 sí 2002 ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gba ìwé lásán dípò owó, wọ́n sì dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí nǹkan gbà. Ẹni tí a gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò san owó, kí ni yóò tà? Koríko ni yóò kọ́kọ́ tà, lẹ́yìn náà àgùntàn ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹṣin. Olùrà tí ó bá san owó ní ọjọ́ òṣùwọ̀n ń bọ́ ẹṣin náà bí ẹni pé ó gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará òkè Ọya tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń bá yín kó ajílẹ̀ lọ sí oko, ẹ má rò pé ọ̀ràn yìí kò kàn yín. Òwò awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti dín wọn kù débi pé ní oṣù kejì ọdún 2024 àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi òfin dè é fún ọdún 15. Oṣù 12 ni abo rẹ̀ fi ń lóyún ọmọ kan ṣoṣo.

Èmi kò sọ pé kí a má ta koríko rárá. Kí baálé kọ́kọ́ ka ìdì tí ẹran rẹ̀ yóò jẹ títí òjò yóò fi rọ̀, kí ó kó o sọ́tọ̀, kí ìyàwó rẹ̀ sì mú tirẹ̀ fún àgùntàn. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni ti ọjà. Ní ti ẹ̀yin tí ń fi ọkọ̀ ńlá wá rà á, ilé tí kò ní ẹṣin pọ̀ ní gbogbo abúlé. Ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wọn.