Ẹni Tí Kò Di Òṣùwọ̀n Mú Ni A Ń Rẹ́ Jẹ

Kò sí àgbẹ̀ kan láti Ìkìrun dé Inísà, àti láti Inísà dé Òkukù, tí kò mọ iṣẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá ru kòkó lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń rà á, tí kò fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sí, iye tí wọ́n bá pè fún un ni yóò gbà. Kì í ṣe pé kòkó rẹ̀ kò wúwo. Àìmọ ìwọ̀n rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni ìrẹ́jẹ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ju ọ̀rọ̀ kòkó lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni: èyíinì ni ìtànṣán olóró tí ń jáde láti ara átọ́ọ̀mù, àti ohun tí ó ń ṣe nínú ara ènìyàn.

Nígbà tí ogun Jálumi dé Ìkìrun ní 1878, ojú rí àwọn jagunjagun, etí sì gbọ́ ìró ìbọn wọn. Ọ̀tá tí à ń wí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní ìtọ́wò, kò ní ìró, ojú kò sì rí i. Ó lè wọ inú egungun ènìyàn kí olúwarẹ̀ má mọ̀. Òṣùwọ̀n nìkan ni ó lè tú u fó.

Àwọn àgbàlagbà àárín wa kò tí ì gbàgbé ohun tí ìjọba Faransé ṣe. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlè ọdún 1960, wọ́n yin bọ́ǹbù átọ́míìkì wọn àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, lórí ilẹ̀ Àlgéríà tí wọ́n ń jẹ gàba lé lórí nígbà náà. Agbára rẹ̀ tó ti 70,000 tọ́ọ̀nù ohun ìbúgbàmù. Mẹ́rin ni wọ́n yìn sí ojú sánmà níbẹ̀ kí oṣù Igbe ọdún 1961 tó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún yin 13 lábẹ́ ilẹ̀ ní In Ekker, títí di 1966. Wọ́n wí pé aṣálẹ̀ ni ibẹ̀, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Lóòótọ́, Reggane jìnnà sí Ìkìrun ju 2,000 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ìhà Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa? Eruku tí ń bo ewé kòkó wa kì í gba ìwé ìrìnnà kí ó tó kọjá ẹnubodè.

Nàìjíríà kò dákẹ́. Kí a tó gba òmìnira pàápàá ni a ti pariwo, tí a sì gbé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ láti wọn ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá. Nígbà tí Faransé yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1960, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú wọn jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ìbínú náà tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúlò jù tí ìbínú náà bí ni ti ọdún 1964, nígbà tí a dá ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo ará ìlú lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà náà ni ọmọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara rẹ̀ di òṣùwọ̀n mú.

Kí ni à ń wọ̀n? Ìtànṣán yìí a máa wọ inú ẹran ara, a sì máa ba ohun tí a fi mọ ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Sievert ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ọṣẹ́ tí ó lè ṣe. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni millisievert. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà láìnídìí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìtànṣán ti ń jáde láti inú ilẹ̀, láti inú àpáta àti láti ojú ọ̀run. Àwọn òkè tí ó yí Ìkìrun ká pàápàá ní tiwọn. Bí a bá pín in dọ́gba káàkiri ayé, nǹkan bí 2.4 millisievert ni ó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. X-ray àyà kan kì í ju nǹkan bí 0.1 lọ, àyẹ̀wò CT ti ikùn lè tó 10. Nítorí náà, ìbéèrè kì í ṣe pé ó wà tàbí kò sí, bí kò ṣe pé: èló ni?

Bí ó bá ju 1,000 millisievert lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èébì àti àárẹ̀ yóò dé, ẹ̀jẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ó bá tó 4,000 sí 5,000, tí kò sì sí ìtọ́jú, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó bá ni yóò kú láàárín oṣù méjì. Èyí tí ó kéré kì í pani lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dá àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọdé àti oyún inú ni ó sì ń ṣe ní jàǹbá jù. Èérí bọ́ǹbù tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Strontium-90 jọ èròjà tí ń mú egungun le: láti ara koríko dé ara màlúù, láti inú wàrà dé egungun ọmọ, ó sì ń tó ọdún 29 kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Iodine-131 ní tirẹ̀ a lọ jókòó sí ọrùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ.

Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní 2021, eruku Sàhárà fẹ́ dé ilẹ̀ Faransé, àwọn tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ bá caesium-137 nínú rẹ̀, ìyẹn àṣẹ́kù bọ́ǹbù tí àwọn alágbára ayé yìn ní ọjọ́sí. Ó kéré, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ní òṣùwọ̀n ni ọkàn wọn ṣe balẹ̀.

Kí ni tiwa? Bọ́ǹbù ti kúrò ní Sàhárà, ṣùgbọ́n ìtànṣán wà ní gbogbo ilé tí a ti ń ya X-ray. Láti 2001 ni àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ átọ́míìkì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òfin tí ó jáde ní 2003 sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju 20 millisievert lọ́dún bí a bá ṣírò ọdún márùn-ún pọ̀, àti pé ti ará ìlú kò gbọdọ̀ ju 1 lọ, yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ àti ti ìwòsàn. Káàdì kékeré kan wà tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ so mọ́ àyà. Òun ni ó ń gba ìtànṣán pamọ́ kí a lè kà á lẹ́yìn náà. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, bí àwòrán ara ògiri ni.

Nítorí náà, a ń fẹ́ kí ìjọba rí i pé gbogbo ẹ̀rọ X-ray ní agbègbè wa ní ìwé àṣẹ, kí a gbé e kọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. A ń fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì, kí a sì máa fi iye tí ó wà níbẹ̀ hàn án. A ń fẹ́ kí ohun tí àwọn onímọ̀ bá wọ̀n nínú omi, ilẹ̀ àti oúnjẹ wa jáde ní èdè Yorùbá, kí àgbẹ̀ lè kà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe sá fún X-ray tí dókítà bá ní kí ẹ yà, ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n kí aboyún sọ pé òun lóyún kí wọ́n tó yà á, kí olúkúlùkù sì béèrè pé: èló ni? Ẹni tí kò jẹ́ kí a yí òṣùwọ̀n kòkó mọ́ òun lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a yí ti ara rẹ̀.