Ọkọ̀ Tí Kì í Sùn àti Awakọ̀ Tí Oorun Ń Kùn



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, bàbá àgbà kan nínú àwùjọ wa na fóònù rẹ̀ sí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Phoenix, ní Amẹ́ríkà, ló fi fídíò ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ọkọ̀ ń lọ, sítíárìn ń yí fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí àga awakọ̀. Bàbá ní, "Dókítà, ṣé iṣẹ́ àlùjànnú kọ́ nìyí?" A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: "Ìgbà wo ni èyí máa dé ọ̀dọ̀ wa? Ojú mi kò ríran dáadáa lálẹ́ mọ́. Mi ò sì fẹ́ máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ kó tó gbé mi wá kírun Ìṣáì."

Ìbéèrè bàbá yìí ni mo fẹ́ fi ojú ìlera wò lóṣù yìí.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ àlùjànnú. Kámẹ́rà, ráda àti ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí ló fi ń wo àyíká rẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló sì ń pinnu ìgbà tí yóò yà àti ìgbà tí yóò dúró. Láti ọdún 2020 ni iléeṣẹ́ Waymo ti ń fi irú rẹ̀ gbé èrò ní agbègbè Phoenix láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti dé San Francisco àti Los Angeles báyìí.

Èmi kò sí lára àwọn tí yóò pè é ní asán. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún, àti pé òun ló ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ. Ká ní àìsàn ló ń ṣe báyìí ni, gbogbo ilé ni ì bá máa wá abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ tún ro ti afọ́jú, ti ẹni tí wárápá ń ṣe, àti ti àgbàlagbà bíi bàbá wa yìí. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ tó dín ikú ojú ọ̀nà kù, iṣẹ́ rere ló ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ní Tempe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Phoenix, ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ Uber fi ń ṣe ìdánwò pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì lálẹ́. Ẹ̀rọ náà ti rí i ní ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ṣáájú, ṣùgbọ́n kò dá a mọ̀ ní ènìyàn: ó kà á sí ọkọ̀, ó tún kà á sí kẹ̀kẹ́. Ẹnì kan sì wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n ń sanwó fún láti máa ṣọ́ ọ̀nà. Àwọn olùṣèwádìí rí i pé fóònù ló ń wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ní San Francisco, awakọ̀ kan gbá obìnrin kan sí iwájú ọkọ̀ aláìláwakọ̀ ti iléeṣẹ́ Cruise, ó sì sá lọ. Ọkọ̀ Cruise gbá a, ó dúró, ó tún gbéra láti lọ páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì wọ́ obìnrin náà tó bí ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ènìyàn tó mọ ohun tó ṣe sá lọ. Ẹ̀rọ tí kò sá kò mọ̀ pé ènìyàn wà lábẹ́ òun.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọkọ̀ àbọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pín ọkọ̀ sí ìpele, láti 0 dé 5. Ti Waymo wà ní ìpele 4. Ìpele 2 ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú: ó lè di ojú ọ̀nà rẹ̀ mú, ó lè fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ iwájú, ṣùgbọ́n awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a ní kó ṣáà jókòó kó máa wò, kò ní pẹ́ tí oorun yóò fi gbé e.

Ẹ wá fi oògùn kún un. Piriton tí à ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, Phenergan, Valium, tramadol, oògùn ikọ́ tó ní codeine: gbogbo wọn ló máa ń mú kí oorun kun ènìyàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá sílé láti Lọ́ńdọ̀nù ra oògùn lọ́wọ́ mi, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má fi wakọ̀. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ mi lọ́hùn-ún ń wa ara rẹ̀." Mo ní, "Àbúrò, bó bá gbá ènìyàn, ta ni ọlọ́pàá máa mú?" Ó dákẹ́. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2024 ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Ọkọ̀ tí ìjọba bá fọwọ́ sí pé ó lè wa ara rẹ̀, iléeṣẹ́ ni yóò jíhìn fún ìrìn rẹ̀. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọrùn awakọ̀ ló wà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa máa ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó tòògbé díẹ̀ lórí ìjókòó àti ẹni tó sùn lọ fọnfọn, kí wọ́n tó sọ bóyá àlùwàlá rẹ̀ bàjẹ́. Ìrọ̀rùn wà níbẹ̀ fún ẹni tó tòògbé. Lójú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò sí ìrọ̀rùn kankan fún un. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré, o ti rìn ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ láìríran.

Ọkọ̀ bíi ti Phoenix kò lè tètè dé títì tiwa, níbi tí ìlà ojú ọ̀nà ti parẹ́, tí ọ̀kadà ń dojú kọ ọkọ̀, tí olómi tútù ń sáré tẹ̀ lé dánfó. Ṣùgbọ́n kí ni ọkọ̀ náà tilẹ̀ fi sàn jù wá? Kì í sùn, kì í lo oògùn, kì í wo fóònù. A lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òní láìra ọkọ̀ tuntun.

Bí ẹ bá ń ra oògùn, ẹ béèrè bóyá ó ń mú oorun wá àti bóyá èyí tí kò mú oorun wá wà. Ní oṣù àwẹ̀, kí ẹni tó jí ṣe sààrì sùn díẹ̀ kó tó rin ọ̀nà jíjìn. Alátọ̀gbẹ tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó tó di àkókò ìṣínu: bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò ó, tí ojú ń ṣú, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kó ṣínu, kó lá ṣúgà. Ẹ̀sìn wa fún aláìsàn láyè. Ìyàwó tó bá sì sọ pé, "Bàbá Ràfíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ páàkì kẹ́ ẹ sùn díẹ̀," kì í ṣe aláfojúdi. Ẹ̀mí àwọn ọmọ ló ń ṣọ́.

Ní ti bàbá wa, mo ní kí ó lọ ṣàyẹ̀wò ojú. Ọ̀dọ́ mẹ́ta ní mọ́sáláṣí wa sì ti gbà láti máa pín in ṣe, kí wọ́n máa gbé àwọn àgbà wá sí ìrun Ìṣáì. Bàbá kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì dúró de ọkọ̀ Amẹ́ríkà.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa lálọ àti lábọ̀. Àmín.